Bàbá Kò Fẹ́ Bàbà

Ọjọ́ Ajé, 30 oṣù Kẹta

Ìyálé tún gbé ọmọ àgùntàn méjì lọ ní ìdájí. Èmi ni mo sọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yẹn ní Ìyálé, torí ó ń rìn nínú pápá wa bí ẹni tó délé ṣáájú mi. Ó ti sú Bàbá. Ó ní òun á ta gbogbo agbo. Ó ti pe alágbàtà, ọjọ́ kọkànlá oṣù tó ń bọ̀ ló máa wá wò wọ́n.

Mi ò fẹ́ kó tà wọ́n. Ibí nìkan ni mo ti lè sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 31

Láti ọ̀la lọ, kò sí ọta òjé mọ́ lórí òkè yìí. Onílẹ̀ tó yá wa ní oko yìí ló sọ bẹ́ẹ̀ — àwòdì ń jẹ òkú ẹran tí a yìnbọn pa, òjé inú rẹ̀ sì ń pa wọ́n. Bàbá mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti máa ń ri kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí a bá pa mọ́lẹ̀, kí àwọn àwòdì tó fẹ́ràn má bàa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọta bàbà tí wọ́n ní ká máa lò dípò rẹ̀? "Ìkòkò ni wọ́n ń fi bàbà ṣe. Ṣé kí n se Ìyálé ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rín.

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù Kẹrin

Tudur aládùúgbò wa yà, ó gbé ìbọn 243 rẹ̀ dání, èyí tó lágbára ju 222 tiwa lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé 222 yẹn kọ́ ògiri, kẹ́ ẹ ra ìbọn gidi. Tèmi ò mọ òjé yàtọ̀ sí bàbà."

"Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ là ń yìn, Tudur, kì í ṣe màlúù ẹ."

Tudur ò parọ́ o. Ṣùgbọ́n 243 ń ta sẹ́yìn, èjìká Bàbá ò sì lè gbà á mọ́. 222 yìí ló fi kọ́ mi níbọn. Mi ò ní jẹ́ kó lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4

Ilé la ti ń di ọta tiwa. Mo ra orí ọta bàbà tó wúwo gẹ́lẹ́ bí ti òjé tí a ń lò tẹ́lẹ̀, gíréènì àádọ́ta lórí ìwọ̀n ọta. A lọ yìn ín sí bébà. Ìtìjú! Kò sí èyí tó bá èkejì rẹ̀ tan. Ọ̀kan tiẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ wọ bébà, ihò rẹ̀ gùn bí ojú ihò kọ́kọ́rọ́.

Bàbá ní, "Mo ti sọ." Ó ká bébà náà sápò, ó sì ṣíwájú mi lọ sílé. Ó sàn kó bú mi.

Ọjọ́ Ajé, 6

Ọmọ àgùntàn kan sí i. Èyí tó ní etí dúdú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Mo rí i! À ń mu tíì, mo to orí ọta òjé àti ti bàbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Bàbà fi orí ga jù ú lọ. Bàbà fúyẹ́ ju òjé — kó tó lè wúwo tó o, àfi kó gùn. Ìlà tí wọ́n gbẹ́ sínú ihò ìbọn wa ò yí tó láti mú ọta gígùn lọ tààrà.

"Bàbá, ó gùn jù! Gígùn ló yẹ ká fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ìwúwo!"

Ó wo ọta náà títí. "Àbí ìwọ lo kọ́ mi níbọn ni?" Ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mélòó rèé! Inú mi dùn débi tí mo da tíì sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Mo ra orí ọta bàbà mìíràn: gíréènì mẹ́rìndínlógójì, kúkúrú. Ìdérí ìgò jáàmù bo gbogbo ihò tí mo yìn. Bàbá gba ìbọn, ó yin èyí tó kẹ́yìn: àárín gbùngbùn. "Bàbà náà gbìyànjú."

Ṣùgbọ́n ọ̀la ni alágbàtà ń bọ̀, Bàbá ò sì tíì ní kó má wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Ìyálé gba ẹ̀gbẹ́ ògiri òkúta wá bó ṣe máa ń ṣe, ẹ̀gbẹ́ òkè wà lẹ́yìn rẹ̀ tó máa gba ọta bí mo bá tàsé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo yìn. Ó ṣubú síbi tó dúró sí, kò jà rárá. Arúgbó ni, eyín rẹ̀ ti kán, kò ní ọmọ lọ́mú. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Bàbá gbé ṣọ́bìrì wá bó ṣe máa ń ṣe. Ó wo òkè, àwòdì méjì ń rábàbà. Ó gún ṣọ́bìrì mọ́lẹ̀, ó sì lọ jókòó sórí ògiri.

"Ẹ ò ní rì í ni?"

"Òjé wo ló wà nínú ẹ̀? Jẹ́ kí wọ́n jẹun."

A ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹ nígbà tí ọkọ̀ alágbàtà yọ nísàlẹ̀. Bàbá ò gbójú kúrò lára àwọn ẹyẹ rẹ̀.

"Heulwen, lọ fún ọkùnrin yẹn ní tíì. Sọ fún un pé a ò ta àgùntàn níbí."