Àga Tí Ọkọ Mi Dè Mọ́ Mọ́tò

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọkọ mi ra àga awakọ̀ tuntun sínú mọ́tò eré ìje rẹ̀. Àga náà kì í sún síwájú, kì í sún sẹ́yìn. Ó ní kí n jókòó sí i, kí ẹsẹ̀ mi dé bíréèkì, òun sì wọ abẹ́ mọ́tò lọ fi sípánà di bóòtù rẹ̀ pinpin. Nígbà tí òun náà jókòó, orúnkún rẹ̀ há sábẹ́ sítíárìn.

Mo rẹ́rìn-ín títí. "Olówó orí mi, ẹ tú u."

"Ta ló ní mo ṣì í? Máa wà á lọ jàre!"

Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń wà á, òun ń súfèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ara tù mí. Àmọ́ ṣé àṣìṣe ni, àbí ó mọ̀ọ́mọ̀ dè é fún mi ni? Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n bi í? Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ mú sípánà.