Ẹ Má Ṣe Jẹ Ẹ̀wà Inú Àpò Tí Mo Fi Ránṣẹ́

                                        Agboolé Gàrúbà,
                                        Òkè-Odò,
                                        Àpòmù,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù karùn-ún, 1994.

Èmi Adésọjí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni mò ń kọ ìwé yìí. Bàbá Gàrúbà, àgbẹ̀ ọmọ àgbẹ̀, ló ń sọ̀rọ̀, nítorí pé wọn kò kàwé. Àbúrò wọn obìnrin, tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé kan ní Ìbàdàn, ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Mùkáílà ọmọ wọn ló máa mú un lọ. Bàbá ní àwọn ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ ẹnu, kí ẹnikẹ́ni má baà bù ú kù lọ́nà.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Sìlífátù,

Kí ẹni tó ń ka ìwé yìí sí ọ létí tó lọ síwájú, tí ẹ̀wà tí mo fi ránṣẹ́ lánàá bá wà lórí iná, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Tó bá wà nínú omi, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fi kan ẹnu.

Ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, àfi ọkàn mi tí kò sí nílé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Àpò ẹ̀wà méjì ló wà nínú yàrá tí à ń kó irè oko sí. Ọ̀kan ni à ń jẹ. Èkejì ni irúgbìn tí a fẹ́ gbìn, Mùkáílà sì ti po oògùn kòkó mọ́ ọn kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Àpò kòkó àtijọ́ ni àwọn méjèèjì. Lánàá, dẹ́rẹ́bà mọ́tò Ìbàdàn ń fọn fèrè níta, ó ń kánjú. Mùkáílà sáré wọlé, ó gbé èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà. Àárọ̀ yìí ni Sàlámọ̀tù ìyàwó mi wọ yàrá náà láti bu ẹ̀wà tí a máa sè. Igbe rẹ̀ ni mo gbọ́: “Bàbá Mùkáílà! Ẹ̀wà àwọn ọmọ iléèwé ló wà nílẹ̀ yìí o! Kí lẹ wá gbé fún wọn l'Ìbàdàn?”

O ò mọ oògùn yẹn bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n. Ajá ilé kejì lá omi tó ṣẹ́kù nínú korobá tí a fi pò ó. Kó tó rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé olówó rẹ̀, gìrì ti mú un.

Ohun tó tún wá ń bà mí lẹ́rù jù ni pé iṣẹ́ rẹ ti yọrí. Nígbà tí o kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ Ìbàdàn yẹn ò fẹ́ rí ẹ̀wà sójú. Oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ń pè é. Bísíkíìtì, súìtì àti ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n fi ń kún inú, títí ọ̀kan nínú wọn, Ọmọ́wùmí, fi dákú lórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìwọ lo sọ fún mi bí o ṣe pọ́n mọ́ínmọ́ín sínú ewé, tí o fi ẹyin sí i, tí o fún un, tó sì ń fi ìka tọ́ ọ wò bíi pé ó fẹ́ bu òun jẹ. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó ní, “Màmá, tó bá jẹ́ báyìí ni ẹlẹ́wọ̀n ṣe ń jẹun, ẹ pe ọlọ́pàá kó wá mú mi.” Mo rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ náà. Tó bá jẹ́ ti ìgbà yẹn ni, wọn ì bá da ẹ̀wà mi sí gọ́tà, kò sì ní sí nǹkan kan. Ní báyìí, o ní wọ́n ti máa ń tò síwájú ìkòkò kó tó jinná, wọ́n sì ń lá ewé. Ọ̀la Ọjọ́rú lẹ ń sè é. Wọn ò ní ṣẹ́ ẹyọ kan kù.

Mùkáílà ní, “Bàá mi, ẹ jẹ́ ká kàn sọ pé kòkòrò ti jẹ ẹ́. Wọ́n á dà á nù, ọ̀rọ̀ á tán. Tí ẹ bá dárúkọ oògùn kòkó, ta ló tún máa ra ẹ̀wà lọ́wọ́ wa?” Mo bi í pé ìgbà wo ni Sìlífátù da ẹ̀wà nù nítorí kòkòrò rí. Mo mọ̀ ọ́, ìwọ obìnrin yìí. Wàá gbé atẹ, wàá fẹ́ ẹ, wàá ṣà á, wàá fọ̀ ọ́, wàá sì sè é. Bí ìyá wa ṣe tọ́ wa nìyẹn. Irọ́ kékeré yẹn ló máa pa wọ́n. Sàlámọ̀tù ní orí mi le jù, pé àwọn aráàlú á máa nawọ́ sí ilé wa. Kí wọ́n máa nà á.

Nítorí náà, fífọ̀ kò ràn án, sísè kò ràn án. Má kó o fún ewúrẹ́, má dà á sí orí ààtàn kí ẹni tí ebi ń pa má lọ ṣà á. Kí Mùkáílà gbẹ́ ilẹ̀ jìnnà sí kànga, kó sin ín tàpò-tàpò.

Tó bá jẹ́ pé ọmọ kankan ti tọ́ ọ wò, bó tilẹ̀ ń ṣeré kiri, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Má fún un ní epo pupa mu. Ẹni tó kọ́ wa bí a ṣe ń fín kòkó sọ pé epo á jẹ́ kó tètè ràn wọ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Fún dókítà ní ìwé yìí, kó mọ ohun tí yóò wò. Bí àwọn òbí bá sì ń bínú, sọ ọ̀nà ilé mi fún wọn.

Àpò tó dára ló wà lọ́wọ́ Mùkáílà yìí. Inú rẹ̀ ni èmi fúnra mi ti jẹ láàárọ̀ yìí. Kí Mùkáílà náà jẹ ẹ́ lójú àwọn olùkọ́ kí ọmọ kankan tó jẹ. Bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má torí èyí dá àwọn ọmọ padà sídìí bísíkíìtì. Oògùn ni kí wọ́n sá fún, kì í ṣe ẹ̀wà.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi kí ọ̀gá iléèwé yín. Ẹsẹ̀ mi wú, ǹ bá ti wà lójú ọ̀nà. Mo wà lórí ìjókòó níta, mò ń wo ibi tí mọ́tò Ìbàdàn ń gbà wọ̀lú. Jẹ́ kí Mùkáílà padà lónìí, bó ti wù kó rí.

Èmi tí a jọ mu ọmú kan náà,

Gàrúbà, ẹ̀gbọ́n rẹ
(ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́)

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Sàlámọ̀tù, ìyàwó rẹ̀ (ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́)
Mùkáílà, ọmọ rẹ̀, tó po oògùn náà, tó sì gbé àpò náà (ó kọ orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀)