Ọjọ́ Tí Wọ́n Bi Wá Pé Ta Ni Olórí Wa

                                        Ilé Kẹtàdínlógún,
                                        Ọ̀nà Èbúté,
                                        Erékùṣù Skarvøya,
                                        Norway.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 2023.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ingunn,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún ọkọ rẹ tó fi ń ráhùn nígbà tí ẹ wá lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ Bergen ò tíì pa wọ́n? Ẹ kú òjò o, mo mọ̀ pé tiyín lọ́hùn-ún kì í dá. Ìjì ti gbé ilẹ̀kùn ilé ọkọ̀ mi jù sómi níbí, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń bí mi nínú. Ara mi le. Inú mi ni kò dùn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti ń bá ìkòkò jà nílé ìdáná, mo wá ní kí n kúkú kọ̀wé sí ọ kí n tó fọ́ wọn tán.

Ọ̀rọ̀ Gudny ọ̀rẹ́ mi ni. O mọ̀ pé láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn tí ìjọba ìbílẹ̀ ti ní àwọn ò lágbára àtimáa gbé àwọn arúgbó kọjá omi lọ sí ọsibítù mọ́, ẹgbẹ́ wa ló ń gbé wọn. Nọ́ọ̀sì ìjọba á sọ ẹni tí wọ́n ń retí, àwa á fi ọkọ̀ ojú omi wa gbé e lọ, a ó sì gbé e bọ̀. Ọ̀wẹ̀ ni, bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é. Gudny ló ń di fóònù ẹgbẹ́ mú, òun ni gbogbo wọn ń pè. Ó mọ ẹni tó ń bẹ̀rù ìgbì, ó mọ ẹni tó máa ń gbàgbé oògùn, ó mọ àwọn méjì tí kò gbọdọ̀ jókòó pọ̀ nítorí ìjà ilẹ̀ àtọdúnmọ́dún.

Ní oṣù kìíní ni ọmọbìnrin kan wá láti yunifásítì, Ọ̀mọ̀wé Sunniva. Ó ní òun ń ṣe ìwádìí nípa aṣíwájú, àti bí ìjọba àti ẹgbẹ́ bíi tiwa ṣe ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Mi ò bú u o. Ọmọ dáadáa ni. Ó jẹ kéèkì wa, ó bá wa wọ ọkọ̀, ó bì títí a fi dé òdìkejì, kò sì ráhùn. Nígbà tó yá, ó kó wa jọ sídìí tábìlì, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sáàárín, ó ní, "Ta ni olórí yín?"

Ingunn, o kúkú mọ̀ wá. Gbogbo wa tẹjú mọ́ ife kọfí. Odd tó ń wa ọkọ̀ ní, "Olórí kẹ̀? A ò ní olórí. A kàn ń ṣe é ni." Èmi náà la ẹnu mi yìí, mo ní, "Gbogbo wa ni." Ló bá kọjú sí Gudny. Gudny rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èmi? Fóònù lásán ni mò ń gbé kiri." Kí ló fẹ́ ká wí? Níbi tí wọ́n ti tọ́ wa, ẹni tó bá ní òun ni olórí ti di ẹni yẹ̀yẹ́ títí wọ́n á fi sin ín, ẹni tó bá sì yin ọ̀rẹ́ ẹ̀ lójú ẹ̀, ó ti dójú tì í nìyẹn. Ọmọ erékùṣù ni Sunniva náà. Ó yẹ kó mọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bá a ṣe sọ ọ́.

Ìwé ìwádìí jáde lóṣù kẹfà, ọgọ́rin ojú ewé. Ó yìn wá títí, ó wá ní àléébù kan ṣoṣo ló wà, pé ẹgbẹ́ yìí kò ní aṣíwájú, kí ìjọba ìbílẹ̀ bá wọn wá ọ̀kan. Kíá ni wọ́n gba ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kjartan síṣẹ́, wọ́n pè é ní olùdarí ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gba fóònù lọ́wọ́ Gudny. Ó tún fún un ní òdòdó! Ó ní kó lọ sinmi, pé orí kọ̀ǹpútà ni àwọn arúgbó á ti máa kọ fọ́ọ̀mù báyìí, ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Gudny dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó dúpẹ́, Ingunn! Àwa tó kù pàtẹ́wọ́ bí òmùgọ̀.

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Irọ́ ni. Àwa la dákẹ́, Alvhild ló jìyà ẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni, oṣooṣù ló ń gba abẹ́rẹ́ ojú, kò sì ní kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà tó mọ̀ ló ń pè, inú dúrọ́ọ̀ Kjartan ni fóònù wà, wọ́n ti pa á. Ó rò pé Gudny ń bínú sí òun ni, ojú sì tì í láti bẹ ẹlòmíì. Ó pàdánù abẹ́rẹ́ kan, ó pàdánù ìkejì. Lóṣù kẹsàn-án, mo gbé ẹja lọ fún un, mo rí i tó ń da kọfí sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ojú òsì ti lọ. Dókítà ní kò ní padà mọ́. Nígbà tí mo pe Kjartan, ohun tó sọ fún mi ni pé, "Kò sí fọ́ọ̀mù tó wọlé lórúkọ wọn, màmá." Mo já fóònù mọ́ ọn létí.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá ni wọ́n wá ka àbájáde fún wa ní gbọ̀ngàn ìlú. Ọ̀jọ̀gbọ́n wọn fúnra ẹ̀ wá, Brynjulf ni wọ́n ń pè é. Ó ń tan àwòrán sára ògiri, ó ní láti ìgbà tí Kjartan ti dé, ẹnikẹ́ni ò mú ẹ̀sùn wá mọ́. Alvhild jókòó tì mí, ó ń bi mí pé kí ló wà lára ògiri. Mo ní òdo ni, iye ẹ̀sùn. Kjartan náà dìde, ó fa fóònù Gudny yọ, ó ń fi han àwọn èèyàn pé ẹ wo bá a ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní, "Ẹ bi wá pé ta ni olórí wa. Irọ́ la pa fún yín. Gudny ni." Odd ṣí fìlà, ó dìde, ó ní, "Gudny ni." Nọ́ọ̀sì ìjọba dìde, ó ní, "Gudny ni. Àwa náà, àwọn là ń pè tí nǹkan bá dàrú." Alvhild ò dìde ní tiẹ̀, ó kàn ní, "Ta ni ì bá tún jẹ́?"

O ò ní gbà mí gbọ́: inú ọ̀jọ̀gbọ́n dùn! Ó ní ọ̀rọ̀ yìí wu òun gan-an, ṣé àwọn lè gba ohùn wa sílẹ̀, pé ó máa wúlò fún apá kejì ìwádìí. Ọ̀gá ìjọba ìbílẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, tí apá kejì bá jáde lọ́dún méjì sí i, àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún méjì! Ojú wo ni Alvhild máa fi dúró dè wọ́n? Mo sọ̀rọ̀ kan sí i tí mi ò lè kọ síbí. Ká ní ìyá wa wà láyé, wọn ì bá gbá mi létí.

Ìgbà yẹn ni Gudny dìde, ojú ẹ̀ pọ́n kuku. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, kò wò mí. Ó na ọwọ́ sí Kjartan, ó ní, "Fóònù." Kjartan wo ọ̀gá ẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ wo ọ̀jọ̀gbọ́n. Sunniva tó ti ń sunkún lẹ́yìn látàárọ̀ ló ní, "Ẹ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́." Gudny gbà á, ó tì í bọ àpò kóòtù, ó jáde láìmu kọfí.

Àwọn yẹn ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n èmi gan-an ni mò ń bínú sí jù. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Ojú èèyàn ní láti kọ́kọ́ fọ́ kí ó tó lè jáde lẹ́nu mi, èmi tí mo ti mọ Gudny láti kékeré.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Odd kí ọ. Alvhild náà kí ọ, ó ní tí o bá fẹ́ kọ̀wé sí òun, kí o kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà. Gudny ò kí ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ yẹn tí mo ti pè é ní olórí lójú gbogbo ayé, kò bá mi sọ̀rọ̀, bá a bá pàdé lọ́nà, á wo òkun. Orí fóònù nìkan ni. Láàárọ̀ àná ó pè mí, ó ní, "Alvhild, aago méje, wọ ẹ̀wù tó nípọn," ó sì já a. Aago méje ò tíì lù tí mo ti wà létí omi.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tí inú ṣì ń bí,

Torbjørg