Mo Kọ Orúkọ Yín Mọ́ Ìdájọ́ Náà

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Àlàáfíà la wà ní Ayọ̀bọ̀ níbí. Títì wa kò tíì rí ọ̀dà, ṣùgbọ́n ilé yín kò jò. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ fẹnu ara mi sọ, kí ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín má baà ṣáájú mi sọ ọ́.

Ẹ rántí pé lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta ni ẹgbẹ́ onílé ń pè wá ká wá sọ bóyá a ṣì fẹ́ àwọn àgbà mẹ́ta tó ń dájọ́ ìjà ilẹ̀ àti ìjà onílé pẹ̀lú ayálégbé. Ẹ̀yin náà jókòó níbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Mo ṣì ń rí yín bí ẹ bá fẹ́ dájọ́: ẹ ó ṣí fìlà, ẹ ó gbé e lé orúnkún, ẹ ó wá wú ikọ́ kan tí kò sí lọ́fun yín rárá. Kí la fi ń dá adájọ́ padà sípò nígbà yẹn? Bó bá ti mọ èèyàn kí, tó sì wá síbi ìsìnkú wa, ó parí. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹjọ́ tó dá.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ báyìí, mo sì ní kò ní rí bẹ́ẹ̀ lójú tèmi. Mo gbé ìwé ìdájọ́ jáde, mo ń kà á láti páálí dé páálí, kí n lè tẹ iṣẹ́ adájọ́ kọ̀ọ̀kan sórí ìwé pélébé fún gbogbo ojúlé. Agídí mi kò kéré, ẹ mọ ẹni tí mo jogún rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí mo ṣe ń kà á lọ ni mo kan ẹjọ́ Ìyá Bọ́sẹ̀, opó ìjọ aláṣọ funfun tó ń ránṣọ. Aládùúgbò rẹ̀ mọ ògiri dí ọ̀nà tó ń gbà dé kànga. Ìyá Bọ́sẹ̀ gbé ẹjọ́ wá, òun náà ni wọ́n sì dá lẹ́bi. Bàbá Ṣọlá, ọ̀rẹ́ yín láti kékeré, ni alága lọ́jọ́ náà, ọmọ aládùúgbò yẹn sì ni Ṣọlá fẹ́. Ó yẹ kí Bàbá Ṣọlá yẹra fún ẹjọ́ àna wọn. Wọn kò yẹra. Mo ṣí ewé kejì, ìbuwọ́lù yín ló wà lábẹ́ tiwọn.

Mo pa ìwé dé, mo lọ ń fọ ìkòkò tí kò dọ̀tí. Ṣé ẹ gbà pé ẹjọ́ náà tọ́ ni? Àbí ojú ọ̀rẹ́ yín lẹ ń wò? Bàbá Ṣọlá ló wẹ̀ yín kí a tó sin yín. Àwọn ló dúró bíi bàbá fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Mo lè yọ orúkọ yín, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ tiwọn tí mo fi tiyín pamọ́, ohun tí wọ́n ṣe gan-an lèmi náà ṣe yẹn. Mo tẹ orúkọ méjèèjì.

Mo gbé ìwé náà dé ojúlé gbogbo. Ẹni tí kò mọ̀wé, mo jókòó kà á fún un. Inú bí àwọn ará àdúgbò gan-an nítorí ìyà tí wọ́n fi jẹ Ìyá Bọ́sẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀.

Mo ti gbàgbé irú èèyàn tí a jẹ́. Gbangba la ti ń dìbò: ẹni tó bá fẹ́ adájọ́ á dúró lápá ọ̀tún rẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ á lọ sápá òsì, níṣojú ẹ̀ korokoro. Àgbà méjì àkọ́kọ́ wọlé padà wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó kan Bàbá Ṣọlá, àwọn tó ti fi ìbínú gbọ́ ìwé mi nílé ń rọ́ lọ sápá ọ̀tún. Ìyá Bọ́sẹ̀ alára ti gbẹ́sẹ̀ láti tẹ̀ lé wọn! Ta ló fẹ́ wo ojú àgbàlagbà kó ní kó dìde? Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Ṣọlá. Mo ní, “Ẹ má bínú sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjú sí ògiri, kí kálukú lè ṣe ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀.”

Wọ́n ní, “Bàbá tìẹ náà fọwọ́ sí i ṣá.”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀.”

Wọ́n rọra yí àga wọn padà. Èmi ni mo kọ́kọ́ lọ sápá òsì. Ìyá Bọ́sẹ̀ tẹ̀ lé mi, ni àwọn yòókù bá ń bọ̀. Nígbà tí Bàbá Ṣọlá fi máa wẹ̀yìn, àwọn ará ilé wọn nìkan ló kù lápá ọ̀tún.

Àwọn adájọ́ ti tún ẹjọ́ náà gbọ́, a ti wó ògiri, Ìyá Bọ́sẹ̀ ń gba ọ̀nà rẹ̀ lọ pọnmi. Mò ń kúnlẹ̀ kí Bàbá Ṣọlá láràárọ̀, wọn kò tíì dá mi lóhùn. Ó dùn mí. Màá ṣáà máa kí wọn.

N kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, Bàbá mi. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ jókòó tí ẹ kọjú sógiri lọ́jọ́ náà, apá òsì náà ni ǹ bá lọ, tẹkúntẹkún. Ẹ̀ bá sì mọ̀ pé èmi ni, nítorí kò sí ẹni tí ẹ mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tèmi.

Èmi ni,
ọmọ yín, tí ìfẹ́ yín kò dín lọ́kàn rẹ̀.