Bọ́ọ̀lù Tó Ń Dọ̀bálẹ̀ fún Alága

Ọjọ́ Àìkú, 6 Júláì 2025

Ìpàdé Ẹgbẹ́ Ọmọ Yorùbá lónìí. Wọ́n ní àwọn ọmọ tí a bí sí Benin kò mọ bí a ṣe ń kí àgbà mọ́. Òótọ́ ni. Motọ́lání tèmi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ, ṣùgbọ́n kò fi Yorùbá dá mi lóhùn rí. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, rárá. Ó ń dùn mí gan-an, ó kàn jẹ́ pé mi kì í sọ ọ́ níta ni.

Ni mo bá yanu, mo ní mo ní ẹ̀rọ pínbọ́ọ̀lù kan ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, èyí tí mo rà nígbà tí hòtẹ́ẹ̀lì kan kógbá sílé ní Airport Road. Bọ́ọ̀lù onírin á ta gòkè, á máa kọ lu òpó onírọ́bà, iná á máa tàn, ọmọ á sì máa fi apá kékeré méjì gbá a padà kó má bàa já sí ihò. Mo ní mo lè sọ ọ́ di géèmù ìkíni. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Júláì

Mo ti yàwòrán rẹ̀. Orúkọ: Ìrìn Àjò Sílé. Bọ́ọ̀lù á kúrò ní Benin, á gba Òrè, á wọ agbo ilé. Òpó kọ̀ọ̀kan, àgbà kan. Tí bọ́ọ̀lù bá kàn án, ẹ̀rọ á kí i — ohùn tèmi ni mo gbà sílẹ̀ — máàkì á wọlé. Tí o bá kọjá láìkí ẹnikẹ́ni, ihò. Fọlákẹ́ akọ̀wé wa, òṣìṣẹ́ báǹkì, ní kí n lẹ fọ́tò àwọn olóyè ẹgbẹ́ mọ́ àwọn òpó náà. Mo gbà. Àṣìṣe ńlá.

Ọjọ́bọ̀, 10 Júláì

Irùngbọ̀n wá sí ṣọ́ọ̀bù. (Alága wa ni, Bàbá Títíloyè. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pè é bẹ́ẹ̀.) Òkè pátápátá ni mo fi fọ́tò rẹ̀ sí, ibi tí máàkì pọ̀ sí jù. Ó dúró, ó ń wò. Bọ́ọ̀lù gbá a níwájú orí. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó ṣí fìlà, ó fọwọ́ pa orí. Ó bi mí pé ṣé èmi ni mo ní kí àwọn ọmọ máa sọ irin lu òun. Mo ní rárá sà, ìkíni ni. Ó ní wọn kì í fi irin kí àgbà nílùú tòun.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Júláì

Mo gbé fọ́tò Alága wá sísàlẹ̀, ibi tí bọ́ọ̀lù kì í dé. Alhaji Làmídì, igbákejì rẹ̀, tó ń ta ìrẹsì ní ọjà Santana, wá rí i pé òun ló wá wà lókè. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi fóònù pe Alága láti sọ fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Júláì

Ìpàdé pàjáwìrì. Wákàtí mẹ́ta lórí pínbọ́ọ̀lù.

Alága á padà sókè. Bọ́ọ̀lù kò sì gbọdọ̀ kàn án. Kó dé iwájú rẹ̀ kó dọ̀bálẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ohun tó rí róbótó kò láyà tí yóò fi dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní ṣebí èmi ni ẹnjiníà. Fọlákẹ́ wá béèrè pé ta ló sọ pé ọkùnrin ni bọ́ọ̀lù, bóyá ṣe ló yẹ kó kúnlẹ̀. Èyí nìkan gba àádọ́ta ìṣẹ́jú. Wọ́n dìbò. Ọkùnrin ni, mọ́kànlá sí mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Júláì

Orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́rú, 16 Júláì

Mo ti rí i — òòfà! Mo de òòfà oníná kan sábẹ́ pákó, níwájú Alága gan-an. Bọ́ọ̀lù á dé ibẹ̀, òòfà á dì í mú, á dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ohùn mi á ní “Ẹ kú ilé o, Bàbá,” òòfà á tú u sílẹ̀. Irùngbọ̀n wò ó nígbà ogún. Ó ń mi orí, ó ń dá bọ́ọ̀lù lóhùn pé káàbọ̀, ọmọ mi. Ó ní kí n sọ mẹ́ta di mẹ́wàá. Mo ní mẹ́ta ti tó sà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Júláì

A gbé e lọ sí gbọ̀ngàn wa ní Upper Sakponba. Motọ́lání ló kọ́kọ́ ta. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ Alága, ó dọ̀bálẹ̀ — kò dìde mọ́. Wáyà kan ló gbóná, òòfà kọ̀ kò tú u sílẹ̀. Ojú tì mí níwájú gbogbo ẹgbẹ́.

Ọmọ náà ní, “Please now.” Ó tì. Ó ní, “Oga, abeg, leave am.” Ó tì. Kò lè mì ín, mo ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá mi ẹ̀rọ, géèmù rẹ̀ ti kú nìyẹn. Ó wo fọ́tò Alága títí. Ó wá rọra sọ ọ́:

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi sílẹ̀.”

Bọ́ọ̀lù yọ́ lọ.

Wáyà ló tutù. Èmi nìkan ló mọ̀. Mo lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn, mo sunkún. Èyítọ́pẹ́ ìyàwó mi bi mí pé kí ló dé, mo ní eruku ni.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Júláì

Gbogbo ọmọ ti gbà pé Alága ń gbọ́, àti pé Yorùbá nìkan ló gbọ́. Wáyà ṣì ń gbóná, bọ́ọ̀lù ṣì ń há. Wọ́n tò, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Irùngbọ̀n fúnra rẹ̀ gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó ń sọ fún wọn pé ẹ̀bẹ̀ yẹn kò tíì dénú. Alhaji Làmídì ní òun náà fẹ́ òòfà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Júláì

Fọlákẹ́ ti gbọ́ fìn-ín-fìn-ín pé ẹ̀rọ ní àléébù. Ó ní kí n tún un ṣe kó tó di Àìkú. Mo lọ, mo tú ìdí rẹ̀. Wáyà kan péré, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọdún méjìlélógún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò rí ohun tó bàjẹ́ kí n fi í sílẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n tí mo bá tún un ṣe, ta ni yóò tún bẹ̀bẹ̀?

Mo dé e padà. Mo ní kí Fọlákẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Síbẹ̀, Alága ni ọmọ mi ń bá sọ Yorùbá. Nílé, “Daddy, I'm hungry.” Èmi àgbàlagbà, mo ń jowú fọ́tò.

Ọjọ́bọ̀, 24 Júláì

Iná dé ní ìrọ̀lẹ́. Ṣájà kan ló ń ṣiṣẹ́ nílé yìí, ọwọ́ mi ló wà. Motọ́lání wá na ọwọ́. “Daddy, charger.” Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mi ò fún un. “Daddy, abeg.” Mo dì í mú. Ó dúró, ó wò mí lójú bó ṣe wo fọ́tò yẹn lọ́jọ́sí. Ó mí kanlẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi sílẹ̀.”

Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, mo tú ọwọ́.

Irùngbọ̀n ló tọ̀nà. Mẹ́ta kò tó.