Ìjàpá Òkun Tó O Rí

                                        Yàrá Kejì, Ilé Àlejò Àwọn Aṣọ́gbó,
                                        Ẹ̀bá Òkun.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Èmi ni mo purọ́, kì í ṣe ìwọ. Ojú Bàbá wa ló yẹ kí n ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n Bàbá kò sí mọ́. Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, ṣé wọ́n le koko? Ara tèmi le níwọ̀n ti àgbà.

Mo padà sí igbó kékeré etí òkun tí Bàbá mú wa lọ nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, níbi tí wọn kò ti gbà kí ẹnikẹ́ni pa ẹranko. Wákàtí méjì ni mo fi rìn ín yí ká, tèmi tọ̀pá. Mo rí akàn lẹ́nu ihò wọn, àti lékeléke mẹ́fà. Aṣọ́gbó tó mú mi kiri, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ń sọ pé, "Bàbá, ẹ rọra o, iyanrìn yìí kì í mọ àgbà."

Ní ọ́fíìsì wọn, mo ní kó bá mi wá ìwé tí àlejò ń kọ ohun tó bá rí sí. Ti ọdún yẹn ṣì wà. O rántí: ìwọ lo rí ìjàpá òkun tó wọ́ gòkè wá yé ẹyin láàárọ̀ kùtù, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ níbẹ̀. O ṣubú lórí àpáta bó o ṣe ń sáré wá pè mí. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo bá. Wọ́n fi báńdéèjì di ọwọ́ ọ̀tún rẹ tó ṣèṣe, o kò lè kọ̀wé, o wá ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ bá mi kọ ọ́ pé: Mo rí i." Mo kọ ọ́ bó o ṣe pè é gẹ́lẹ́, mo sì kọ orúkọ ara mi sábẹ́ rẹ̀. Èmi ni wọ́n fún ní báàjì idẹ tí wọ́n fi yẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ rí i sí. Nígbà tó o ké pé ìwọ lo rí i, Bàbá ní òjòwú ni ọ́, òpùrọ́ sì ni ọ́. Ó ní kí o bẹ̀ mí. O bẹ̀ mí. Mo gba ẹ̀bẹ̀. O kò bá wa lọ sí igbó kankan mọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ tèmi, ìjàpá ni. Ó lé ní ogójì ọdún kó tó dé.

Mo gba bírò lọ́wọ́ aṣọ́gbó, mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ pé: "Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, ojú àbúrò mi obìnrin ló rí i." Mo kọ orúkọ rẹ ní kíkún. Ó kà á, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà pẹ́ o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bá mi kí gbogbo ilé. N kò ní kí o dárí jì mí. Ẹ̀bẹ̀ tó o bẹ̀ mí ni mo ń dá padà, pẹ̀lú báàjì tó wà nínú àpòòwé yìí. Tìrẹ ni.

                                        Èmi ni,
                                        Ẹ̀gbọ́n rẹ tó kọ ọ́.