Ìda Inú Àpótí Tó Kẹ́yìn

Ọjọ́ Sátúnì, ọjọ́ kejìlá oṣù Fẹ́búárì

Ọ̀la ni ọjọ́ mẹ́sàn-án àwọn òkú máa bẹ̀rẹ̀. Màmá Síra, tó tọ́ èmi àti Kaéso àbúrò mi dàgbà, ń nu eruku ara àwọn baba ńlá wa, àwọn ojú tí wọ́n fi ìda oyin mọ, tí kálukú wọn wà nínú àpótí tirẹ̀ lára ògiri gbọ̀ngàn. Àpótí tó kẹ́yìn ṣófo. Ti ẹni tó bá máa kú tẹ̀lé e ni. Ó ṣí i. Ìda wà níbẹ̀ — róbótó, kò ní imú, kò ní ẹnu.

Bàbá bínú. Ó bi wá pé ta ló ń fi òkú ṣeré nínú ilé òun. Fúnra rẹ̀ ló jù ú sínú iná.

Ọjọ́ Òòrùn, 13

Ó ti padà. Ó ti ní iwájú orí.

Ọjọ́ Òṣùpá, 14

Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú tí mo ti padà sílé Bàbá ní Kápúà, mo rò pé mo ti bẹ̀rù tán láyé mi. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Lónìí, etí ti hù. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé etí lásán lè bani lẹ́rù. Àwọn ẹrú ò gba gbọ̀ngàn kọjá mọ́, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà.

Ọjọ́ Másì, 15

Ẹnu ti yọ.

Ọjọ́ Mẹ́kúrì, 16

Òkúta — bí èmi àti Kaéso ṣe máa ń pe Bàbá lẹ́yìn rẹ̀ — pè wá jọ. Ó ní ojú òun ni. Òun ti dàgbà, òun ti ṣe adájọ́ ìlú, ó yẹ kí ojú òun wà lára ògiri. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó ní kí wọ́n fọ aṣọ funfun òun sílẹ̀. Ó tiẹ̀ gbé ọwọ́ lé mi lórí, ohun tí kò ṣe rí láti kékeré mi.

Mo sunkún. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ara mi: ọkàn mi fúyẹ́. Àgbàlagbà ni.

Ọjọ́ Fẹ́núsì, 18

Kì í ṣe Bàbá.

Àpá ti yọ lókè ojú òsì. Ibi tí ẹṣin ti ta Kaéso nípàá nígbà tó kéré. Gbogbo wa la rí i. Kaéso rẹ́rìn-ín, ó ní ó kéré tán, wọ́n mọ imú òun dáadáa. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

Oṣù tó ń bọ̀, tí òkun bá ti ṣe é wọ̀, ló yẹ kó lọ bá àwọn ọmọ ogun. Bàbá ní kò lọ síbì kankan. Ó tì í mọ́ yàrá. Kò sí ẹṣin, kò sí ilé ìwẹ̀, kò sí ọ̀bẹ. Wọ́n ń gé ẹran sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó gbé e wọlé fún un.

Ọjọ́ Sátúnì, 19

Mo gbé ẹ̀wà àti ẹja lọ fún un. Kò fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀ ló jókòó sí, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń fi ìka ra àpá yẹn. Ó bi mí bóyá ìda náà lajú tàbí ó dijú. Mo ní ó dijú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fẹ́ kú. Mi ò tíì ṣe nǹkan kan láyé."

Mo ní kò ní kú. Mi ò mọ ohun tó gba ẹnu mi sọ ọ́.

Ọjọ́ Òòrùn, 20

Mo ti ṣe é.

Bàbá àtàwọn ẹrú gbé búrẹ́dì àti wáìnì lọ sí ibojì. Mo ki ṣíbí bọ iná, mo ṣí àpótí. Mo fi ẹ̀yìn ṣíbí pa àpá náà rẹ́. Mo tẹ imú wọlé. Mo yí ẹnu padà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ àtàǹpàkò mi bí awọ ara ènìyàn, ó sì ń fà sẹ́yìn — mo búra — bí ọmọdé tí wọ́n ń nu imú fún. Mi ò dáwọ́ dúró títí tó fi di ojú tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Ọjọ́ Òṣùpá, 21

Àpótí ṣófo. Kaéso yè. Mò ń gbọ́ tó ń kọrin nínú yàrá. Bàbá ní ká má ṣílẹ̀kùn títí di àsè ọ̀la.

Ọjọ́ Másì, 22

Àsè ẹbí, tí àwa alààyè máa ń jókòó pọ̀ jẹ lẹ́yìn ọjọ́ àwọn òkú. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Ọmọkùnrin kan jáde. Kò sí àpá. Imú pẹlẹbẹ. Ẹnu yẹn — ẹnu tí mo yí. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti bọ́." Ohùn Kaéso ni.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó má lọ síbi àsè. Ebi ń pa á, ó ti lọ. Màmá Síra, tó fún un lọ́mú, bi mí pé ta ni mo mú wá. Kaéso rò pé wọ́n ń bá òun ṣeré ni, ó lọ jókòó sí àyè rẹ̀. Bàbá wò ó. Kò tiẹ̀ bínú.

"Oúnjẹ ẹbí nìyí, ọ̀dọ́kùnrin. Ta ni bàbá ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Bàbá sáré lọ sí yàrá, ó bá a ní òfìfo. Ó padà wá fún un lọ́rùn, ó ń bi í pé ibo ló gbé ọmọ òun sí. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. "Tẹ́túlà, ìbànújẹ́ ti yí ẹ lórí," ohun tó sọ nìyẹn. Wọ́n lu Kaéso jáde bí olè.

Ọjọ́ Mẹ́kúrì, 23

Ẹ̀yìn ilé àwọn alágbàfọ̀ ni mo ti rí i. Ó ti wo ara rẹ̀ nínú omi. Mo sọ fún un pé èmi ni mo yí ojú rẹ̀ padà. Ó ní, ṣé òun ṣì ni òun? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá ń rìn kiri ìgboro láti òwúrọ̀, ó ń pe orúkọ Kaéso. Ohùn rẹ̀ ti há. Nígbà tó kọjá lẹ́bàá wa, Kaéso fẹ́ dáhùn. Mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

A ń lọ sí Pùtẹ́ólì, níbi tí wọn ò ti mọ̀ wá. Ẹ̀bá ọ̀nà ni mo ti ń kọ èyí. Ọwọ́ òsì mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì í mú pinpin. Mi ò tíì lè wo ojú rẹ̀.